Páànù Oṣù May

Ọjọ́bọ̀, 14 Epírì, 1988

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Mísítà Pẹ́lámù lónìí. Òyìnbó ẹlẹ́rọ omi tí Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá, olórí ìjọ wa, gbàdúrà fún nígbà tí ibà fẹ́ gbé e lọ lọ́dún 1964 kò gbàgbé wa láti ìlú rẹ̀. Bàbá ránṣẹ́ pè mí kúrò nídìí maṣíìnì. Ṣòkòtò oníbàárà tí mo ń rán lọ́wọ́, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ èyí.

Ní ilé àdúrà, mo dúró níwájú àwọn alàgbà. Mo kọ́kọ́ ka èdè òyìnbó náà sókè, kí wọ́n lè rí i pé iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀: "We may send you twelve bundles of roofing sheets if the committee agrees." Mo wá túmọ̀ rẹ̀: "Ní oṣù May, a ó fi ìdì páànù méjìlá ránṣẹ́ sí yín, bí ìgbìmọ̀ bá gbà."

Alàgbà Ọládépò, alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ wa, béèrè pé ìgbìmọ̀ wo. Mo ní ìgbìmọ̀ wa ni, ta ni ìbá tún jẹ́. Wọ́n ṣèpàdé lójú ẹsẹ̀. Ẹni méje ló wà níbẹ̀, ọwọ́ méje ló lọ sókè. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ìjọ, n kò rí ohun tí ìgbìmọ̀ yẹn tètè gbà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìparí lẹ́tà náà ló dùn mọ́ mi jù. "Could you write to us the length and breadth of the church?" Ẹni tó bá lọ sí Modern School mọ̀ pé could, ohun tó ti kọjá ni. Mo sọ fún wọn pé òyìnbó ń yìn wá: "Ìwé tí ẹ kọ sí wa dára, ìjọ yín gùn, ó sì fẹ̀." Bàbá mirí, ó ní ọmọ tí a bí ire ni Pẹ́lámù.

Nílé, Rúùtù ìyàwó mi béèrè pé ṣé kò sí bóyá kankan nínú lẹ́tà náà. Mo ní òyìnbó kì í sọ bóyá.

Sunday, 17 Epírì

Bàbá kéde páànù. Ó ní kí n dìde kí gbogbo ìjọ rí mi, ó ní, "Ẹ wo Josiah, ògbufọ̀ wa." Ìyá Dámisí, opó tó ń gbé lẹ́yìn ilé àdúrà, jó dé iwájú mi, ó sì na gèlè rẹ̀ sílẹ̀ kí n rìn lórí rẹ̀. Mo rìn lórí rẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe?

Satide, 23 Epírì

Mìkáílù káfíńtà gun òrùlé lónìí pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Ó fi òòlù kan igi, ó ń mi orí. Ó ní ikán ti jẹ ìdajì àwọn igi náà tán, páànù tó wà lórí wọn sì ti lu bí asẹ́. "Bí tuntun bá ń bọ̀ lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká ká ti àtijọ́ kúrò báyìí, kí n pààrọ̀ igi kí òjò tó le."

Ó bojú wò mí. "Akọ̀wé, ó dá ọ lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú bí orúkọ mi. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ká a tán. Èyí tó ṣì dára díẹ̀ nínú wọn, Bàbá ní kí wọ́n fi bo ilé ìdáná Ìyá Dámisí. Ìyókù di ilé ewúrẹ́.

Wọ́n ti fi kún owó epo pẹtiróòlù. Gbogbo ọkọ̀ ti fi kún tiwọn náà.

Sunday, 1 May

Oṣù ti wọlé. Inú ilé àdúrà mọ́lẹ̀ bíi gbàgede. Wọ́n kí mi kú oríire kí n tó bọ́ bàtà tán.

Sunday, 22 May

Òjò bá wa nínú ìsìn. Agboòrùn mẹ́rìnlá ni mo kà. Àbẹ́là kọ̀ láti tàn, ọkùnrin méjì wá ta aṣọ bò ó bí ẹni ń fi nǹkan pa mọ́. Nígbà tí a kúnlẹ̀ fún àdúrà, omi dé àárín itan àwọn tó kúrú. Bàbá ti mú ẹsẹ̀ Bíbélì kan sílẹ̀ láti wàásù lé lórí, kí ó tó mọ̀ pé orí ọkọ̀ Nóà ni. Ó wo òkè, ó wo ìwé, ó sì yí i padà sí orin ìyìn.

Lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà Ọládépò fún sùtánà rẹ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ọjọ́ kélòó nínú May. Mo ní òyìnbó kò sọ ọjọ́.

Tuesday, 31 May

May tán. Páànù kò dé.

Wednesday, 1 Juun

Ìgbìmọ̀ pàdé nítorí páànù. Alàgbà Ọládépò ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé a kò gbà á tó. Wọ́n tún un gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n nà sókè.

Mo mú lẹ́tà délé, mo wò ó lábẹ́ fìtílà. M tó wà nínú may yẹn kéré. Ní Modern School, wọ́n fi ẹgba kọ́ wa pé lẹ́tà ńlá ni orúkọ oṣù fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo wo m náà títí. Kò tóbi sí i.

Satide, 4 Juun

Mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti ra bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì wà ní Ọjà Akẹ̀sán, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílé mi. Ṣùgbọ́n ta ni n ó bi léèrè ohun tí may jẹ́ ní Ọ̀yọ́, èmi tí wọ́n tẹ́ gèlè fún?

Nítòsí Ọjà Igbó, mo rí pátákó kan tí wọ́n kọ ẹ̀kọ́ èdè òyìnbó sí, ti ìdánwò GCE. Obìnrin tó ń kọ́ni níbẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, Marufat lorúkọ rẹ̀, ó fi ìbòrí funfun bo orí, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ní wàhálà láyé. Mo sọ fún un pé ọ̀rẹ́ mi kan ló gba lẹ́tà. Mo kọ gbólóhùn náà sára tákàdá fún un.

Ó kà á. "Bàbá, kì í ṣe orúkọ oṣù nìyí. Wọ́n lè fi páànù ránṣẹ́, wọ́n sì lè má fi ránṣẹ́. Wọn kò tíì ṣèlérí."

"Ìgbìmọ̀ ńkọ́? Ìgbìmọ̀ ọ̀rẹ́ mi ti gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ìgbìmọ̀ àwọn tó fẹ́ fún wọn ló ń wí."

Mo fi gbólóhùn ti could hàn án. Ó bo ẹnu. Ó ní ìbéèrè ni: wọ́n ń bẹ̀ wá pé kí a kọ ìwọ̀n ilé náà ránṣẹ́, bí ó ṣe gùn sí àti bí ó ṣe fẹ̀ sí. "Ṣé ọ̀rẹ́ yín ti fèsì?"

Mo ní ọ̀rẹ́ mi kò tíì fèsì.

Ó wò mí díẹ̀. "Ṣé ọ̀rẹ́ yín á fẹ́ wá kọ́ ẹ̀kọ́? Ọjọ́ Satide la máa ń ṣe é."

N kò mọ bí mo ṣe dé Ọ̀yọ́. Rúùtù béèrè bọ́tìnnì, n kò rà á.

Satide, 11 Juun

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo lè bí. Orúkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè nínú rẹ́jísítà, nítorí ọjọ́ orí. Can, could, may, might, would. Marufat ní might rẹlẹ̀ ju may lọ: bí may bá jẹ́ òjò tó ṣú, might ni òjò tó ṣú ní ìlú kejì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan dáhùn kí n tó lóye ìbéèrè.

Mo bẹ Marufat pé kí ó bá mi kọ èsì sí Pẹ́lámù kíákíá. Ó kọ̀. "Bí mo bá kọ ọ́, òun náà á fèsì, èsì yẹn á sì tún dọ́wọ́ yín." Ó ní kí n kọ́ ẹ̀kọ́ náà ná. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ṣe kú, kò sẹ́ni tó sunkún.

Bọ́tìnnì: mo ra méjìlá, ó wọ́n ju ti Akẹ̀sán lọ.

Satide, 18 Juun

Mo mú lẹ́tà tí mo kọ lọ. "You must send the roof before Sunday."

Marufat ní, "Ọlọ́pàá ló ń sọ̀rọ̀ báyìí, Bàbá."

Mo pa must rẹ́, mo kọ can. Ó ní Pẹ́lámù mọ̀ pé òun lè fi ránṣẹ́, òun ló lówó. Ó ní could ni kí n lò. Mo ní could ti kọjá. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Kò kọjá níbí o, Bàbá. Òyìnbó kò ní ẹ tí a fi ń pe àgbà. Ọmọdé àti àgbà, you ni gbogbo wọn. Bí ó bá wá fẹ́ bọ̀wọ̀ fúnni, á ti ọ̀rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ohun tí could ń ṣe nìyẹn."

Èyí yé mi ju gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ lọ. Pẹ́lámù dọ̀bálẹ̀ fún wa ní Epírì, mo sì túmọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ sí oríkì.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: gbólóhùn márùn-ún pẹ̀lú if. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nínú ìwé wọn ni marry.

Thursday, 23 Juun

Òjò. Àga mẹ́rin ti jẹrà nílé àdúrà. Bàbá ń wúkọ́. Ó pè mí, ó ní, "Josiah, má jẹ́ kí ọkàn rẹ rẹ̀wẹ̀sì. Ohun tí òyìnbó bá sọ, ó ń ṣe é." Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. N kò lè gbé ojú sókè.

Friday, 24 Juun

Wọ́n ti rí ìwé àjákọ mi.

Rúùtù bá a nínú àpò ẹ̀wù mi. Kò mọ èdè òyìnbó, ó fún Fọláhànmí ọmọ wa tó wà ní Form Four pé kó kà á. Ó kà á sókè: "If I were rich, I would marry her." Ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀: "Bí mo bá ti lówó, n ó fẹ́ ẹ." Kò sí àní-àní pé ọmọ mi ni.

Rúùtù kò pariwo. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún mi, ó jókòó kọjú sí mi. "Bàbá Fọláhànmí, bọ́tìnnì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wo lẹ ń rà ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Mo ní bọ́tìnnì ni.

Ó ní, "Ó dáa. Lọ́la, a jọ máa rà á."

Satide, 25 Juun

Rúùtù bá mi wọkọ̀ lọ sí Ọjà Igbó. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi ẹjọ́. Mo ra èkuru fún un lójú ọ̀nà, ó gbà á, ó fún obìnrin tó jókòó tì í.

Nígbà tó rí Marufat, ó rí ọmọdébìnrin tí ojú rẹ̀ dùn, ó sì tẹ́ ìwé àjákọ sórí tábìlì níwájú rẹ̀. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé ìwọ lo ń dúró kí ọkọ mi lówó?"

Marufat kà á. Ó kúnlẹ̀, ó kí Rúùtù, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé: were tó wà níbẹ̀ kì í jẹ́ kí ohun náà ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá sọ báyìí, ó ń sọ pé òun kò lówó, òun kò sì ní fẹ́ ẹnikẹ́ni.

Rúùtù ní, "Pé kò lówó, ìyẹn mo mọ̀." Ó ronú. "Ṣé bí ẹni tó sọ pé: ǹ bá lówó, ǹ bá fẹ́ ẹ?"

Marufat ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

"Bí mo bá lówó, n ó fẹ́ ẹ: ó ṣì lè ṣe é. Ǹ bá lówó, ǹ bá fẹ́ ẹ: ọ̀rọ̀ ti bọ́. Kí ló wá le níbẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́?"

Marufat wo pátákó rẹ̀, ó wo Rúùtù, ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó tún un sọ fún kíláàsì. Rúùtù dúró níwájú, ó tún un sọ. Gbogbo wọn kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà kọ ọ́. Láti ogójì ọdún ni mo ti ń fi ìbá kábàámọ̀ lójoojúmọ́, n kò mọ̀ pé gírámà ni.

Nígbà tí a jókòó sínú ọkọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: m kékeré, ìgbìmọ̀, could. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ẹ máa sọ ọ́ lọ́la, àbí kí n bá yín sọ ọ́?"

Sunday, 26 Juun

Mo sọ ọ́. Òjò ń ṣú, kò tíì rọ̀. Mo dúró níwájú ìjọ, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà nínú omi. Mo ní páànù kò sí, kò sẹ́ni tó ṣèlérí rẹ̀, èmi ni mo ṣì í kà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ láìpẹ́ yìí ni. Nígbà tí mo sọ láìpẹ́ yìí, Rúùtù gbé ojú sókè láti àárín àwọn obìnrin, ó wò mí, ó sì tún gbé e sílẹ̀.

Alàgbà Ọládépò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìgbìmọ̀ onígbìmọ̀ wá ni a ń bá gbà láti ọjọ́ yìí?"

Ìyá Dámisí dìde. "Ṣé ẹ fẹ́ wá ká páànù orí ilé ìdáná mi nìyẹn?"

Bàbá ní rárá. Ìyá Dámisí ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó jókòó.

Bàbá wo òkè, ó sì wò mí. Ó ní, "Josiah, o mú wa ṣí orí ilé Ọlọ́run." Àwọn ọ̀dọ́ kan rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìwé orin bojú. Òjò dé, a túká.

Monday, 27 Juun

Mo fi lẹ́tà sí pósítọ́fíìsì. "Could you please forgive our late reply. The church is forty-two feet long and twenty-six feet wide." Mìkáílù ló bá mi wọ̀n ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín títí téèpù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, ká ní ìwọ lo ń wọn igi fún mi ni, orí ta ni ilé ìbá wó lé?" Lẹ́yìn náà ó ní òun ò ní gba owó iṣẹ́.

Satide, 9 Julai

Mo ta maṣíìnì tí mo fi ń ṣe ọnà ọrùn agbádá. Télọ̀ kan ní Akẹ̀sán ló rà á. Ó gbé e sórí kẹ̀kẹ́, mo sì bá a di í, kí ó má bàa já bọ́. Maṣíìnì kejì kò mọ ọnà, ṣòkòtò àti bùbá ló mọ̀. Páànù ti wọ́n sí i láti oṣù tó kọjá. Owó maṣíìnì mi ra ìdì mẹ́ta. Ìjọ dá owó ìdì mẹ́rin. Méje yìí, Mìkáílù ní òun á fi ọgbọ́n nà án.

Satide, 23 Julai

Ó nà án. Àlàfo méjì tí páànù kò dé, tó kọ́kọ́ ní ká fi sílẹ̀, Ìyá Dámisí fúnra rẹ̀ kó páànù ilé ìdáná rẹ̀ wá dí wọn. Ó ní òun ò lè máa gbẹ nígbà tí Ọlọ́run ń tutù. Orí ilé wa ní páànù tuntun àti ti ilé ìdáná, dúdú èéfín wà lára èyí tó wà lókè akọrin. Mìkáílù sọ̀ kalẹ̀, ó lọ kírun, ó padà wá jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 1 Sẹ́tẹ́ńbà

Pẹ́lámù fèsì. Mo kà á nídìí maṣíìnì, n kò nílò ẹnikẹ́ni. Ó yé mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, láì dúró, bí ẹni ń ka Yorùbá. N kò ka lẹ́tà òyìnbó kan kó yé mi bẹ́ẹ̀ rí.

"If your letter had reached us before the end of June, we would have sent the sheets."

Ẹ̀ bá ti jẹ́ kí lẹ́tà yín dé kí Juun tó parí, à bá ti fi páànù ránṣẹ́. Ìgbìmọ̀ wọn ti gbà. Wọ́n dúró dè wá títí oṣù fi parí, wọ́n sì fún ìjọ mìíràn.

Mo ka ọjọ́ lórí ìka mi. Lẹ́tà ń lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà. Ọjọ́ kẹrin Juun ni Marufat sọ òótọ́ fún mi. Ǹ bá ti jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kejì, à bá ti kọ̀wé lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ra bọ́tìnnì.

Kò sẹ́ni tí lẹ́tà yìí lè yé nínú ìjọ bí kò ṣe èmi. Mo lè sọ fún wọn pé òyìnbó ní òun kò rí owó. Wọn á gbàdúrà fún un.

Sunday, 4 Sẹ́tẹ́ńbà

Bàbá ní kí n ka èsì Pẹ́lámù. Mo kà á lédè òyìnbó, mo sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò. Wọ́n mí kanlẹ̀. Alàgbà Ọládépò ní, "Kí Juun tó parí? Ìgbà wo wá ni o mọ̀, Akọ̀wé?"

Mo la ẹnu. Òjò dé lójijì, ó bọ́ sórí páànù tuntun bí ẹni da òkúta sílẹ̀, ti ilé ìdáná ń ró lọ́tọ̀. Mo sọ ọ́ nínú ariwo náà: mo ní ọjọ́ kẹrin Juun ni mo ti mọ̀, ojú ló tì mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pa á mọ́, ìyẹn ló jẹ́ ká pàdánù páànù. Mo mọ̀ pé ètè mi ń ṣiṣẹ́, n kò gbọ́ ohùn ara mi. Àwọn èèyàn ń wo òkè, wọ́n ń wo ibi tí omi lè gbà wọlé. Omi kò gba ibì kankan wọlé. Ìyá Dámisí ń rẹ́rìn-ín sí òrùlé. Mo jókòó. Mo rò pé Ọlọ́run ti bò mí.

Òjò rọ̀ fún bíi ìdajì wákàtí. Nígbà tó dẹ̀, tí ó ku kí omi máa kán sílẹ̀ létí òrùlé, Bàbá wúkọ́, ó kọjú sí mi.

"Josiah, òjò ò jẹ́ ká gbọ́ èyí tó o sọ kẹ́yìn. Tún un sọ."

Mo dìde, mo tún un sọ.